Àdìsá Irọ́-Ni àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tó Padà Wálé

Bí ẹ bá dé àdúgbò Changli ní Tamale, lórílẹ̀-èdè Gánà, tí ẹ ní ẹ̀ ń wá Àdìsá tó ń rán ìjókòó alùpùpù, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé Àdìsá wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Àdìsá Irọ́-Ni lẹ̀ ń wá, ẹni tí ẹ bi á ti nawọ́ sí ọ̀nà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Orúkọ yẹn kò dùn létí. Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tí òwò gbé bàbá wọn dé Tamale láyé àwọn òyìnbó, kò sí ẹni tó kórìíra irọ́ tó ọkùnrin yìí. Ìkórìíra náà ló bí orúkọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Ìlú alùpùpù ni Tamale. Ọkùnrin ń gùn ún, obìnrin ń gùn ún, ìyá arúgbó tí kò lè gùn ún á jókòó sẹ́yìn ẹni tó lè gùn ún. Oòrùn ibẹ̀ kì í sì í fojú àánú wo lẹ́dà. Kò ní pẹ́ tí ìjókòó á fi là, fóòmù á yọjú síta, òjò á rọ̀ sí i, ẹni tó bá jókòó lé e á dé ibi tó ń lọ pẹ̀lú ìdí ṣòkòtò tó tutù, á sì máa ṣàlàyé fún àwọn tí kò béèrè. Àdìsá á tú ìjókòó náà kúrò, á gé lẹ́dà tuntun, á rán an, á nà án, á kàn án mọ́lẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, oníbàárà á wà lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi dòǹgóyárò, nítorí alùpùpù tí kò ní ìjókòó, kò síbi tí èèyàn lè gùn ún lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Àdìsá ṣe fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kó tó fẹnu kan kókò, ẹ̀kọ ọkà tí wọ́n ń mu láàárọ̀ níbẹ̀, Àdìsá á ṣí fóònù rẹ̀, á máa wá ohun tí etí kò gbọ́ rí lórí ayélujára. Kì í ka ìròyìn ìṣèlú, kì í wo bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń wá ni irú ọ̀rọ̀ akùkọ kan lókè òkun, tí wọ́n pè lẹ́jọ́ pé ó ń kọ nígbà tí aládùúgbò ń sùn, tí adájọ́ sì sún ẹjọ́ síwájú nítorí pé akùkọ kò jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí agbẹjọ́rò ń wí. Ó tún fẹ́ràn ti ọkùnrin kan tí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ bọ́ sínú odò, tí ẹja sì gbé e padà wá fún un nínú ọbẹ̀. Ìlú kékeré kan wà tí wọ́n ti dìbò yan ajá ṣe olórí, wọ́n sì tún un yàn, torí pé láti ìgbà tó ti gorí oyè, kò tíì jí nǹkan kan. Àdìsá á sọ gbogbo èyí láìrẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á wà lára abẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà. Bí oníbàárà bá bú sẹ́rìn-ín, á gbójú sókè wò ó. Ó máa ń yà á lẹ́nu.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, kì bá tí sẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n Àdìsá ní ìwà kan tí a kò rí lára ẹlòmíràn. Bó bá sọ ìròyìn kan fún yín lónìí, tó sì wá rí i lẹ́yìn náà pé kò rí bẹ́ẹ̀, á gun alùpùpù rẹ̀, á wá yín délé. Á kí yín, á kí ará ilé, á béèrè àlàáfíà ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà á ní, "Ọ̀rọ̀ ẹja tó gbé eyín wá lọ́jọ́sí, irọ́ ni. Ẹ má bínú." Kò ní jókòó, kò ní mumi. Á kọjá sílé ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún.

Ohun tó kọ́ ọ nìwà yìí ni ọdún kan tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kiri lórí fóònù pé ilẹ̀ máa mì. Àdìsá gbà á gbọ́, ó sì fìtara kanlẹ̀kùn ká àdúgbò. Àwọn èèyàn gbé ẹní jáde nínú ọyẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n ń retí. Ilẹ̀ kò mì. Amama ló mì, obìnrin tó ń ta kókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ikọ́ sì gbé e dè títí oṣù náà fi parí. Gbogbo ìgbà tí Amama bá wúkọ́ ni Àdìsá ń gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí i kò padà wá sọ nǹkan kan. Àdìsá wá rò ó pé bí ẹsẹ̀ òun bá lè gbé irọ́ délé onílé, ẹsẹ̀ náà ló yẹ kó lọ gbé e kúrò.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó purọ́ tí kò padà wá, ta ló máa mọ̀? Òun tó ń padà wá, òun náà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ méjì yìí ni etí àdúgbò sì mọ̀ mọ́ ọn jù lọ. Bí ẹni tí kò fẹ́ purọ́ ṣe di Irọ́-Ni nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, Sherifatu, tó ń ta aṣọ òkìrìkà lọ́jà, ti bẹ̀ ẹ́ títí ó ti sú u.

"Bàbá Rahma, akùkọ yẹn kì í ṣe ará ilé wa. Bó kọ, bí kò kọ, kí ló kàn yín níbẹ̀?"

Àdìsá á ní ó kan òun, torí ẹnu òun ló gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára títí ọkọ fi dé fún Rahma. Rahma nìkan ni ọmọbìnrin tí wọ́n bí, iléèwé jẹ́léósinmi ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Mùzàmmil tó ń fẹ́ ẹ jẹ́ oníṣẹ́ iná mànàmáná, ọmọ Yorùbá bíi tiwọn. Bàbá rẹ̀ ti kú. Alhaja Karimot, ìyá bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà ní àdúgbò Gumani, ohun tí Alhaja bá sì wí nílé yẹn, abẹ gé e. Rahma ti lọ kí wọn nígbà kan. Ó ní èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ nǹkan kan ya òun lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bu oúnjẹ alẹ́, Alhaja bu túò, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, àti ọbẹ̀ sínú àwo kan, ó dé e, ó gbé e sójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ó di àárọ̀ kí àwọn ọmọ ilé tó pín in jẹ. Ó bi Mùzàmmil, Mùzàmmil ní bẹ́ẹ̀ lòun bá a láyé. Àdìsá tó ń gbọ́ láti inú yàrá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìròyìn gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ti àna ni, kò ṣeé sọ.

Kí Yorùbá tó fẹ́ ọmọ, ó gbọ́dọ̀ wádìí. Wọ́n á ránni sádùúgbò ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n á béèrè bóyá wàrápá ń bẹ nínú ìdílé, bóyá olè ń bẹ, bóyá wọ́n máa ń lu ìyàwó. Tamale jìnnà sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Sherifatu mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, ó sì kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni tí ẹ kò bá mọ̀ rí tó bá wá síbi iṣẹ́ yín, ẹ má sọ ju 'ẹ káàbọ̀' lọ fún un. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ má sọ nípa ajá tó jọba."

Àdìsá gbà tọkàntọkàn, ó sì gbàgbé.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Asana gun alùpùpù wá, ó gbé ìyá àgbàlagbà kan sẹ́yìn. Ìjókòó alùpùpù náà ṣì ń rùn bí ọjà tuntun, àmọ́ ó ya láti iwájú dé ẹ̀yìn, gbọọrọ, láìwọ́. Àdìsá fọwọ́ tọ́ ọ, ó mọ̀ pé abẹ ìfárí ló gé e. Ó ṣe é bíi kó béèrè. Ó wá rò pé ẹni tó fi abẹ gé ìjókòó ara rẹ̀ á mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó.

Ìyá àgbàlagbà yìí ni Alhaja Karimot fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò ní í ránni, ojú òun ni kó rí i. Asana, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló gé ìjókòó náà kí wọ́n lè ríbi jókòó wádìí, ó sì dùn ún.

"Ọmọ mi," ni Alhaja wí, "níbo nilé yín?"

"Ọ̀ffà ni bàbá mi ti wá, ìyá."

Alhaja tún ìbòrí rẹ̀ ṣe nígbà tó gbọ́ Ọ̀ffà. "Ṣé ẹ kì í jà nínú ilé?"

"Rárá, ìyá."

"Kò sẹ́ni tí gìrì ń gbé ṣubú?"

"Kò sí, ìyá. Àmọ́ ọkùnrin kan ṣubú nílùú òyìnbó, láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó já lé ọkọ̀ tó kó tìmùtìmù. Ọkọ̀ ń lọ. Ìlú kejì ni wọ́n ti jí i."

Asana wo Alhaja. Alhaja kò wo Asana. Ó ní, "Toh. Ìyẹn náà dára. Òmíràn ńkọ́?"

Báyìí ni Àdìsá ṣe kó sínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fún un ní èyí tó dára jù nínú ohun tó rí lọ́sẹ̀ náà.

"Obìnrin kan wà nílùú olókè kan, ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyàn mú, wọ́n ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà fún oníṣòwò tó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ọdún méje kọjá. Obìnrin yìí ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti la odò, ó ti kọjá ẹnubodè, kò níwèé ìrìnnà. Ó gbé orí lé e léjìká, ó dijú." Ó nawọ́ fóònù sí i. "Fọ́tò rẹ̀ nìyí."

Alhaja gba fóònù náà, ó sún un mọ́ ojú, ó tún sún un jìnnà.

"Ó kọjá ẹnubodè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, ìyá."

"Kò sì gbàgbé ilé."

"Kò gbàgbé."

Alhaja fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Ó ní kí Asana gba fọ́tò náà sórí fóònù tirẹ̀. Nígbà tí ìjókòó parí, ó gorí alùpùpù, wọ́n lọ. Àdìsá kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí àgbàlagbà fi ń sunkún nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó rò pé ìtàn náà dára ni.

Mùzàmmil ló wá sọ fún Rahma lẹ́yìn náà pé Alhaja ni ìyá àgbàlagbà yẹn, pé ọ̀rọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Àbúrò Alhaja kan wà tó ń jẹ́ Zakaria, bàbá Asana, òun náà ti ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ó lọ bá Amama nídìí kókò. Amama kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn.

"Èèyàn dáadáa ni. Ìyàwó rẹ̀ dáadáa, ọmọ rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ irọ́, haba! Wallahi, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wá bá mi pé irọ́ ni."

Zakaria délé, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn kò ní í dà pọ̀ mọ́ ti òpùrọ́. Alhaja ló yarí. Ó ní ẹni tó lè sọ ìtàn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn bó ṣe sọ ọ́, ọkàn èèyàn ló wà láyà rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lòun fẹ́ nílé. Zakaria kò gbà, ṣùgbọ́n ti Alhaja ló ṣẹ. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé fún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Bí a bá ní ká sòótọ́, ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn ni gbogbo ìgbéyàwó náà dúró lé.

Inú Sherifatu dùn débi pé ó yin ọkọ rẹ̀. "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìròyìn yín wúlò," ni ó wí, ó sì bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Rahma ń kọrin káàkiri ilé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí òun àti Mùzàmmil ti ń dúró de ọjọ́ yìí, láti ìgbà tí Mùzàmmil kò tíì ríṣẹ́. Àdìsá ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn ju bó ṣe lè sọ lọ.

Ó wá di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àdìsá kírun tán, ó ṣí fóònù, ó rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà. Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ló padà sí lọ́tẹ̀ yìí, ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó wò síwájú, ó rí i níbòmíràn, ó ti di ràkúnmí, ọ̀dọ̀ sójà ló padà sí. Ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn dúró sí. Àdìsá wá padà sórí fọ́tò tirẹ̀, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Ó wo ojú obìnrin náà. Ó wo etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó wo ẹsẹ̀, ó kà á. Márùn-ún ni. Ó kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, márùn-ún náà ni. Ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ya gbogbo rẹ̀, kò sí ẹran kankan tó padà sílé ẹnikẹ́ni.

Ó sọ fún wọn nídìí oúnjẹ.

"Bàbá, don Allah," ni Rahma wí. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń ka ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

"Mo ti kà á."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kà á!"

Sherifatu kò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá Rahma, Zakaria ń wá ohun tó máa fi tú u ká. Bí ẹ bá lọ, ọwọ́ yín lẹ fi ń gbé e fún un. Bí alùpùpù yẹn bá kọjú sí Gumani kí ọjọ́ Sátidé tó kọjá, kó má kọjú sílé mọ́."

Àdìsá lọ síbi iṣẹ́. Ó rán ìjókòó kan, ó kàn án mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ síwájú. Ẹni tó ni ín jókòó lé e, ó yọ̀ dé orí táǹkì epo, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Bẹ́ńṣì kún fún oníbàárà, Àdìsá kò sọ nǹkan kan.

"Àdìsá," ni Amama ké láti ìdí kókò, "kò síròyìn lónìí?"

"Kò sí."

Amama wá wò ó bóyá ara rẹ̀ le. Ara rẹ̀ le, ọkàn rẹ̀ ni kò le. Ó ń rò ó pé òun á dúró kí ìgbéyàwó kọjá, òun á wá lọ sọ ọ́. Ó tún rò ó pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi irọ́ fa ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì tó là sílẹ̀. Ìyá àgbàlagbà yẹn sunkún níwájú òun. Bó bá jẹ́ pé ó rẹ́rìn-ín ni, bóyá òun ì bá lè gbàgbé.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó ti alùpùpù rẹ̀ jáde. Sherifatu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Àdìsá lọ sẹ́nu yàrá Rahma láti kí i pé ó dàbọ̀. Rahma kọjú sí ògiri. Ó dùn ún wọ eegun, ó sì lọ.

Ọ̀nà Gumani kún fún búlọ́ọ̀kù àti iyanrìn àwọn tó ń kọ́lé, àwọn awó sì ń sáré láàárín wọn. Ó bá Alhaja lágbàlá, òun àti Asana ń bó ẹ̀pà, Zakaria jókòó lórí àga, ó ń mu kókò. Àdìsá kí wọn ní "Dasiba" bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, wọ́n ní "Naa." Ó lóṣòó. Ó béèrè ará ilé, ó béèrè ewúrẹ́. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lára ògiri. Alhaja ti ní kí wọ́n tẹ fọ́tò náà, ó fẹ̀ tó àtẹ ẹ̀pà, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Lójú fèrèsé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwo kan wà tí wọ́n dé.

"Ọmọ mi, ọ̀la la ń bọ̀ nílé yín," ni Alhaja wí, inú rẹ̀ dùn.

"Ìyá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn, irọ́ ni. Kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kankan, kò sí obìnrin kankan. Ẹ̀rọ ló yà á. Ẹ má bínú."

Ibi tó ti máa ń dìde kó máa lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ yìí, ó lóṣòó síbẹ̀, kò dìde.

Zakaria la ọwọ́ mọ́ itan. "Ẹ ò rí i! Kí ni mo wí? Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́! Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni wọ́n fi gba ojú rere yín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Àdìsá wí.

Alhaja dìde, ó lọ síwájú fọ́tò náà. Ó fi ìka tó ní èèpo ẹ̀pà lára ka ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lórí gíláàsì, ó ń fi ẹnu kà á pẹ̀lú.

"Márùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Gbogbo àdúgbò yìí ló ti wá wò ó. Kò sẹ́ni tó kà á." Ó padà wá jókòó. Ó mú ẹ̀pà kan, kò bó o.

"Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò kó kúrò ní Gánà, wọn kò fọwọ́ kàn mí, torí Dagomba ni ìyá mi. Ọmọ Ọ̀ffà ni ọkọ mi, ó gbọ́dọ̀ lọ. Mo lóyún bàbá Mùzàmmil nígbà náà. Ó ní òun ń padà bọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ọkùnrin kan dé láti ọ̀nà ẹnubodè, ibi tí o lóṣòó sí yìí ló dúró sí. Ó ní, 'Karimot, dá iná, mo fi ọkọ rẹ sẹ́yìn, ó ń bọ̀.' Mo se túò, mo bu tirẹ̀, mo dé e."

Ó wo ojú fèrèsé. Gbogbo wọn wò ó.

"Ọkùnrin yẹn kò lọ. Ìlú yìí ló gbé, iwájú ilé yìí ló ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bó bá rí mi, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Mo mọ̀. Ojú tó ń yí yẹn ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n kò fẹnu sọ ọ́. Títí wọ́n fi gbé e lọ sin, kò dúró lọ́jọ́ kan kó ní, 'Karimot, irọ́ ni, inú rẹ ni mo fẹ́ kó dùn, má dá oúnjẹ sí mọ́.' Bí kò bá sọ ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣíwọ́? Bí mo ṣíwọ́ lónìí, tó dé lọ́la ńkọ́?"

Zakaria gbé ife kókò rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà èwe ló ti ń rí àwo yẹn, kò sì béèrè rí.

"Zakaria, kí ni Amama sọ fún ọ?"

"Ó ní ó máa ń padà wá sọ pé irọ́ ni."

"O sì wá pè é ní òpùrọ́." Alhaja gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró rẹ̀. "Èmi ni wọ́n parọ́ fún. Mo mọ òpùrọ́."

Ó dìde, ó gbé àwo náà kúrò lójú fèrèsé, ó ṣí i, ó gbé e síwájú Àdìsá. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi ìwẹwọ́ wá.

"Àna mi," ni ó wí, "ẹ jẹun."

Àdìsá wẹwọ́. Túò àná ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ayọ̀yọ̀, ewédú tiwọn. Ó jẹ ẹ́, wọ́n ń wò ó títí ó fi nu àwo náà mọ́. Asana gbé e, ó fọ̀ ọ́, ó kó o mọ́ àwọn àwo yòókù. Ó wá béèrè bóyá kí òun yọ fọ́tò kúrò lára ògiri.

"Fi sílẹ̀," ni Alhaja wí. "Ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni. Irú wọn ló lè padà délé."

Nígbà tí Àdìsá délé, Sherifatu wà níbi tó fi í sí, ó ká ọwọ́ gbera, Rahma dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Sherifatu béèrè.

"Wọ́n ní ọ̀la kò yẹ̀. Wọ́n sì fún mi lóúnjẹ."

"Oúnjẹ wo?" ni Rahma wí.

"Èyí tó wà lójú fèrèsé."

Rahma fọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ọjọ́ yìí yàtọ̀ sí ti àná. Ọ̀rọ̀ àwo kò tíì yé Sherifatu. Àmọ́ ó ti gbọ́ pé ọ̀la kò yẹ̀, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ tó láti bi ọkọ rẹ̀ bóyá oúnjẹ àna dùn.

Àdìsá ronú sí i. Ó mọ ohun tó yẹ kí èèyàn sọ nípa oúnjẹ àna.

"Ó ti kan díẹ̀," ni ó wí.